Sí ẹ̀yin tí orúkọ yín kì í sí lára pátákó

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ran àwọn tó ń bá jẹjẹrẹ jà lọ́wọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí ẹ sábà máa ń rí gbà kò ju oríṣi méjì lọ: ti ẹni tó ń tọrọ àti ti ẹni tó ń dúpẹ́. Ọpẹ́ wà nínú èyí, ẹ̀bẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Alága àti ìgbìmọ̀ lè kà á bí wọ́n bá fẹ́. Ó tilẹ̀ wù mí kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni awakọ̀ tó ń gbé àwọn aláìsàn lọ gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ láràárọ̀, ẹni tó ń ṣírò owó mọ́tò títí yóò fi tó èèyàn méje dípò mẹ́rin, obìnrin tó jókòó ti màmá mi fún wákàtí mẹ́rin láìsọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ, àti ẹni tó ń gbé fóònù lóru. Ti ẹni tó ń gbé fóònù yìí gan-an ló mú mi jókòó kọ̀wé, nítorí mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pa fóònù òru tì, kí ẹ fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fóònù náà ṣe nílé wa.

Ọmú òsì ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lára màmá mi. Dókítà ní kímò ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, oògùn líle tí wọ́n ń fà sínú iṣan, ọjọ́ mọ́kànlélógún láàárín ọ̀kan sí èkejì. Wọ́n sọ fún wa pé irun yóò re, pé èébì yóò wà, pé oúnjẹ lè máa dà bí irin lẹ́nu. A múra sílẹ̀ fún gbogbo ìyẹn. Wọ́n sọ ti ara gbígbóná náà, mo gbà pé wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ fún èèyàn pé ìyá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù kì í wọ etí.

Lóru ọjọ́ kan, aago méjì ti kọjá, ara wọn gbóná. Wọ́n ní kí n lọ sùn, pé ó kàn rẹ àwọn ni, pé tí ilẹ̀ bá mọ́ a ó mọ ohun tí a ó ṣe. Màmá mi kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kódà dókítà tí wọ́n ń san owó fún. Mo rántí ìwé pélébé tí ẹ fún wa, mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rọ ni yóò dá mi lóhùn. Èèyàn ló gbé e. Kò kí mi pẹ́ rárá. Ó ní, "Ọjọ́ kelòó rèé tí wọ́n ti gba oògùn?" Mo fi ìka kà á: ọjọ́ kẹwàá. Ó ní, "Òṣùwọ̀n ìgbóná ara tí a yá yín ńkọ́, kí ló kọ?" Mo ní ó ti kọjá 38. Ó ní, "Ẹ dìde báyìí. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, kí ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín jẹ́ pé kímò ni wọ́n ń gbà. Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ ibà."

Ẹ má kọ́kọ́ dárúkọ ibà. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì jókòó sí ilé ìwòsàn lóru lè má mọ ohun tí gbólóhùn yẹn tó. Ẹni tó bá wọlé pé ibà ló ń ṣe òun, wọn yóò ní kó jókòó de àwọn tó bá níwájú. Ṣùgbọ́n kímò kì í ya sẹ́ẹ̀lì burúkú sọ́tọ̀ kúrò lára rere. Èyíkéyìí tó bá ń yára pín ara rẹ̀ ló ń kọlù. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí inú ẹnu fi ń bó. Mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ kòkòrò àrùn, kì í bọ́ níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn oògùn, ẹ̀ṣọ́ yẹn lè dín kù débi pé kòkòrò tí kò ní dá ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ kan yóò gbé ẹ̀mí aláìsàn lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ara gbígbóná lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí yóò hàn. Nígbà tí a dé ọ̀hún, mo sọ ohun tó ní kí n sọ, bó ṣe ní kí n sọ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí a jókòó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń fa oògùn apakòkòrò sí màmá mi lára. Dókítà tó rí wa láàárọ̀ ní a tètè dé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í.

Mi ò mọ orúkọ obìnrin náà títí di òní. Mo ti béèrè lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ẹ kì í sọ orúkọ ẹni tó gbé fóònù fún ẹni tó pè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Tó bá ń ka èyí, yóò mọ ara rẹ̀: ìwọ tí o ní kí n má kọ́kọ́ dárúkọ ibà, màmá mi kí ọ.

Ẹ wá ń sọ fún wa pé "ìnáwó ọ́fíìsì" ni fóònù òru. Mo ka ìwé ìṣirò tí ẹ gbé jáde lọ́dún tó kọjá, èmi náà mọ ìṣirò díẹ̀. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àwọn tó ń dáwó fẹ́ kí owó wọn lọ tààrà sọ́dọ̀ aláìsàn, wọ́n sì gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá pè ní ìnáwó ọ́fíìsì kò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ìnáwó ọ́fíìsì rẹ̀ bá kéré ni wọ́n ń pè ní olóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni fóònù yẹn dé lóru ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe ẹ̀gbẹ́ ibùsùn màmá mi? Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà nínú ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìtọ́jú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yóò sọ pé tí ara bá gbóná kí a lọ sí ilé ìwòsàn, òótọ́ ni yóò sì sọ. Kò ní béèrè ọjọ́ kelòó rèé. Kò sì ní gbọ́ màmá mi lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń sọ pé "jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná."

Irú iṣẹ́ yín yìí, ẹni tí ọ̀ràn ti ká mọ́ ló sábà máa ń dá a sílẹ̀. Ní 1952, ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Terese Lasser, tí wọ́n ti gé ọmú tirẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún lórí ibùsùn wọn. Kò sí ẹni tó sọ ohun tí yóò ṣe sí apá tó gan fún òun nígbà tirẹ̀, kò sí ẹni tó sọ ohun tí yóò fi sínú aṣọ níbi tí ọmú ti kúrò. Ó ń mú bọ́ọ̀lù kékeré àti okùn dání lọ bá wọn: bọ́ọ̀lù fún ọwọ́ láti máa fún, okùn fún apá láti máa fà sókè. Inú àwọn dókítà kan kò dùn sí i rárá, nítorí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà, kí ló wá ń wá nínú wọ́ọ̀dù? Bó ti wù kó rí, nígbà tó di 1969, American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ níbẹ̀, gba iṣẹ́ náà ṣe tiwọn.

Mo mú un wá síbí nítorí pé mo rí irú rẹ̀ nílé wa. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan nínú yín wá, ó dúró ti ògiri, ó fi ìka gun ògiri náà bí aláǹgbá ṣe ń gùn ún, díẹ̀díẹ̀, títí apá rẹ̀ fi na tán. Ó ní kí màmá mi ṣe tiwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá ti yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá, omi ara kì í rí ọ̀nà ṣàn bíi ti tẹ́lẹ̀, pé apá ọ̀hún lè wú, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà kí wọ́n ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ọgbẹ́ àti iná. Ìgbà tó fẹ́ lọ ló tó ṣí apá aṣọ tirẹ̀ sókè fi hàn wá. Apá kan tóbi ju èkejì lọ. Kò sọ ìtàn kankan. Màmá mi ti ń fi ìka gun ògiri láràárọ̀ láti ọjọ́ náà.

Awakọ̀, ó kàn ọ́.

Ìtànṣán tí wọ́n fi tọ́jú màmá mi kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lójúmọ́. Ọ̀nà ló ń jẹ ọjọ́. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o gbé wa lọ, o gbé wa bọ̀, àwa mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọkọ̀ kan náà. O máa ń kó ọ̀rá sí ẹ̀yìn ìjókòó fún ẹni tí èébì bá gbé, o kì í sì í wo ẹ̀yìn tó bá ṣẹlẹ̀. O mọ ẹni tó fẹ́ kí rédíò máa dún, o mọ ẹni tó fẹ́ kó dákẹ́. Ìyá kan wà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnu ilé ọmọ ni jẹjẹrẹ tiwọn wà. Wọ́n ti ń gba ìtànṣán kí ẹ tó rí wọn, wọ́n sì ti pa odindi ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí owó mọ́tò. Kì í ṣe owó oògùn o, owó mọ́tò. Nínú irú jẹjẹrẹ yẹn, àwọn onímọ̀ fẹ́ kí gbogbo ìtọ́jú náà, ti òde ara àti èyí tí wọ́n ń gbé sínú ara, parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí bí àlàfo bá ti pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì tó kù a tún máa bí sí i. Ọjọ́ tí aláìsàn kò rí ọkọ̀ wọ̀, oògùn ni kò lò lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí nítorí pé mo mọ̀ pé ó rọrùn láti rí ẹni tí yóò dáwó ra ẹ̀rọ ju ẹni tí yóò dáwó ra epo ọkọ̀. Ẹ̀rọ ṣeé lẹ orúkọ mọ́. Ta ni yóò lẹ orúkọ mọ́ epo tó ti jó tán?

Ìjà mi nìyí báyìí.

Lọ́jọ́ tí ẹ mú owó ìrànwọ́ wá fún màmá mi, ẹ mú kámẹ́rà dání. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n di etí ìwé sọ̀wédowó gbàgìdì náà mú. Lẹ́yìn náà ẹnìkan nínú yín, ọmọ tí kò tó mi lọ́jọ́ orí, sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ bá wa ṣí ìborí yẹn díẹ̀." Ó fẹ́ kí orí tí irun ti re hàn. Wọ́n ṣí i. Mo dúró síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mi ò sọ̀rọ̀. Ẹ ó sọ pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fọwọ́ sí i. Owó wà lọ́wọ́ kan ẹni tó gbé ìwé náà wá, kálàmù wà lọ́wọ́ kejì. Ta ni yóò sọ pé rárá?

Ẹ lè ní gbogbo àgbáyé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé láìsí àwòrán kò sí owó. Ẹ lè tọ́ka sí Terry Fox, ọmọ Kánádà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní 1977 nítorí jẹjẹrẹ eegun, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la orílẹ̀-èdè rẹ̀ já ní oṣù kẹrin 1980 pẹ̀lú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá láti kó owó jọ fún ìwádìí. Ó sáré fún ọjọ́ 143, ó rin 5,373 kìlómítà, kí jẹjẹrẹ tó dé inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó fi dúró. Gbogbo ayé rí ẹsẹ̀ yẹn, owó sì wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wọ ṣòkòtò péńpé, òun ló yan ọ̀nà tó rìn, kò sì gbà kí iléeṣẹ́ kankan fi òun polówó ọjà. Màmá mi kò yan nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ fún wọn lówó lónìí, ẹ padà wá béèrè àwòrán lóṣù mẹ́ta sí i, nígbà tí kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá gbà nígbà náà, ó gbà.

Àwòrán náà ṣì wà lára pátákó yín. "Ó bá jẹjẹrẹ jà, ó ṣẹ́gun." Èmi náà kọ "tó ń bá jẹjẹrẹ jà" sókè lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí ẹ lè rí bó ti mọ́ wa lẹ́nu tó. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn, wọn kò pa ọjọ́ kan jẹ, òjò ìbáà rọ̀. Tí màmá mi bá ṣẹ́gun, kí ni ẹ fẹ́ pe tiwọn? Wọn kò ṣojo, wọn kò dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí kò sí owó mọ́tò wà nínú ọ̀ràn náà, oríṣi jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀, ibi tó ti dé kí wọ́n tó rí i wà níbẹ̀. Ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ wọn ń gba iwájú pátákó yẹn kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ wọn náà ló sọ fún mi pé lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù yín kò dún mọ́. Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ ni, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Mi ò sọ fún un pé tiwa náà dákẹ́, tí àwa sì ní ẹni tó yè. Lọ́jọ́ tí ìtànṣán parí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹ ya àwòrán (ẹ béèrè lọ́tẹ̀ yìí), ó sì tán. Ṣùgbọ́n kò tán. Oògùn oníhóró kan wà tí màmá mi gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, nítorí irú jẹjẹrẹ tiwọn ń fi èròjà obìnrin inú ara (họ́móònù) ṣe oúnjẹ. Ara wọn máa ń dédé gbóná lójijì, oríkèé a máa ro wọ́n, wọ́n a sì máa gbàgbé ọ̀rọ̀ sí àárín gbólóhùn. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọn kì í sùn. Ìgbà tí wọ́n ń gba kímò, èèyàn pọ̀ láyìíká wa. Ìgbà yìí ni ilé dá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ rán yín létí, bóyá ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní 1948, ní London, ọkùnrin kan tó sá wá láti Póláǹdì, David Tasma, ń kú lọ nítorí jẹjẹrẹ nínú wọ́ọ̀dù tí ariwo pọ̀ sí. Kò ní ìbátan nítòsí. Cicely Saunders, tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ fún àwọn aláìsàn nígbà yẹn, máa ń lọ jókòó tì í, wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kí irú rẹ̀ máa wà. Nígbà tó kú, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, ó ní kí òun jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tí yóò kọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló gbà. Saunders padà lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó sì ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ, ní 1967, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìrora ara, ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ẹ̀mí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrora kan náà. Fèrèsé ọ̀hún sì wà níbẹ̀.

Aláìsàn ló kọ́kọ́ dáwó, ẹ rí i? Ẹni tó ń kú lọ. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ yín rò nìyẹn nígbà tí ẹ bá ń sọ pé kò sí ẹni tí yóò máa gbé fóònù lóru, pé owó kò tó láti sanwó fún ènìyàn mẹ́ta. Mélòó nínú àwọn tí ẹ ti gbé kọjá ni ẹ ti bi léèrè? Àwọn tí kì í rí oorun sùn nítorí oògùn yẹn náà ni mo ń sọ. Wọ́n ti mọ ọjọ́ kẹwàá láìwo ìwé. Ẹ kọ́ wọn ní ohun tí wọn kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n lè pè tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú wọn máa pe àwọn tí ìtọ́jú wọn ti parí, àti àwọn tí wọ́n ti sin òkú wọn.

Màmá mi ti ní kí n sọ fún yín pé Ọjọ́rú wu àwọn. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo ní kí wọ́n má tíì ṣèlérí, wọ́n ní ojú àwọn ló là sílẹ̀ lóru, kì í ṣe tèmi. Wọ́n ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, wọ́n fa ìlà sí i: orúkọ ẹni tó pè, ọjọ́ kelòó, ìwọ̀n ìgbóná. Òṣùwọ̀n tí ẹ yá wa ṣì wà lọ́wọ́ wa, a ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá kí n fi í ránṣẹ́, tàbí kí àwọn fúnra àwọn mú un dání bọ̀ ní Ọjọ́rú.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ obìnrin tó ń fi ìka gun ògiri